Aṣọ Aláró Inú Fọ́tò

Agboolé Ọláyanjú,
Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 2025.

Ṣubúọlá ọmọ mi,

₦300,000 tí o fi ránṣẹ́ wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù yìí. Bí mo ṣe ná an nìyí:

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, lórí owó tí a yá nígbà tí o ń lọ: ₦120,000
Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ: ₦38,500
Òwú fún iṣẹ́: ₦64,000
Iṣu àti èlùbọ́: ₦35,000
Owó òrùlé ilé ńlá, mo kó o fún Ìyápọ̀ ẹ̀gbọ́n mi: ₦20,000
Wíwo eré lọ́dọ̀ Àyúbà, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ₦200 lẹ́ẹ̀kan: ₦1,200

Àpapọ̀ ₦278,700. Ó ku ₦21,300, ó wà ní báńkì.

Mo kọ ìṣirò ṣáájú ìkíni torí pé owó tí mi ò bá tíì jíṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Báwo ni òtútù ọ̀hún? Ara wa le níbí. Ìyá rẹ kí ọ. O ní kí n máa fi fóònù sọ̀rọ̀ dípò kí n máa kọ ìwé kí n tó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí wásáàpù. Mi ò fẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣeé padà yẹ̀ wò. Èyí tó wà nínú ìwé, mo lè padà kà á.

O máa béèrè pé kí ni ẹgbẹ̀fà náírà eré ń wá nínú ìṣirò èmi Àsánì. Àyúbà tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìhunṣọ wa ló ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kan. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń fi eré òyìnbó kan hàn, eré àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá pàjáwìrì ọsibítù. Kò sí orin nínú rẹ̀. Wọ́n kàn ń gbé aláìsàn wọlé ni, òmíràn ń jáde láàyè, òmíràn kò jáde. Ó dà bí ẹni pé àwa náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Mákindé tó ń ta páànù ní ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe ti eré, pé ṣe ni àwọn òyìnbó fi kámẹ́rà pamọ́ sí ọsibítù gidi. Àyúbà ní eré ni. Wọ́n fi ₦500 ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá ẹjọ́ náà títí dòní.

Èmi ń ka èèyàn ní tèmi. Ní apá kìíní, aláìsàn mẹ́tàlélógún ni wọ́n gbé wọlé, wọn kò bi ẹyọ ẹnì kan léèrè owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọkàn wa kò balẹ̀ sí i. Mákindé ní ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ń kọ gbèsè náà síbì kan tí wọn kò fi hàn wá. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò bá gba owó rẹ̀ níwájú ẹni, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbà á.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ahunṣọ ni mí, aṣọ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí lára èèyàn. Nínú eré yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì wọ búlúù ojú sánmà. Àwọn dókítà wọ àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe nǹkan, mátírọ́ọ̀nù wọn ni. Òun nìkan ló wọ aṣọ aláró, èyí tí wọ́n rẹ títí ó fi fẹ́ẹ̀ dúdú, bí ẹtù tí àwọn àgbà ń wọ̀ níbí. Mo délé, mo tún wo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá. O dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ọsibítù, o gbé ọwọ́ lé irin bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ aláró ló wà lọ́rùn rẹ. O sọ fún wa pé nọ́ọ̀sì ni ọ́, aṣọ rẹ kò sì jọ ti nọ́ọ̀sì.

Ìgbà wo ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀gá tí o kò sọ fún bàbá rẹ?

Èmi bàbá rẹ,
Àsánì.


Leeds, Ìlú Ọba.
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àwẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má tìtorí àwẹ̀ fo oògùn, kí wọ́n lò ó nígbà sààrì.

Ẹ má bínú pé ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó dáhùn. Iṣẹ́ ló pọ̀. Gbogbo èèyàn ló ń wo eré yẹn níbí náà. Ìjà ló máa ń dá sílẹ̀ níbi tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́. Àwọn dókítà ń ka ibi tó ti ṣìṣe. Nọ́ọ̀sì kan ní apá kẹrin pa òun lẹ́kún. Òmíràn ní kò sí ohun tó máa mú òun fi àkókò ìsinmi òun wo ibi iṣẹ́ òun. Èmi gbìyànjú, mo wo ìdajì apá kìíní, mo pa á. Ariwo àwọn ẹ̀rọ wọn bá ti ibi iṣẹ́ wa mu débi pé ẹsẹ̀ mi ń dìde fúnra rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń pè mí. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọ́n ń ráyè bára wọn sọ̀rọ̀ gígùn.

Ní ti aṣọ, Bàbá, ọsibítù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ má fi ti eré wé tèmi. Èmi kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, iye wo ni ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi jẹ́ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn? Gbogbo náírà lẹ kọ, ẹ kò kọ ìyẹn.

Ọmọ yín,
Ṣubúọlá.


Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, 2025.

Ṣubúọlá,

Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ jẹ́ 158 lórí 96. O gbá mi mú níbẹ̀ lóòótọ́, ó yẹ kí n ti kọ ọ́. Àwẹ̀ pé mẹ́sàn-án lónìí, a ṣì ń gbà á.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lórí eré, o kọ ìlà mẹ́rìnlá. Lórí ohun tí mo bi ọ́, ìlà mẹ́ta. O ní o kì í ṣe ọ̀gá, o kò sì sọ ohun tí o jẹ́. Tí mo bá bi ẹni tó ń ta òwú bóyá òwú rẹ̀ máa ń ṣí àwọ̀, tó wá ní kí n má fi ti ẹlòmíràn wé tòun, mi ò ní rà á.

Mo fi fọ́tò rẹ han Ìyápọ̀. A jọ lọ sọ́dọ̀ Àyúbà lẹ́yìn ìṣínu, èmi ni mo san ₦200 rẹ̀. Nígbà tí obìnrin aláṣọ aláró yẹn jáde, tó na ìka lẹ́ẹ̀kan tí dókítà méjì sáré, Mákindé lu itan. Ó wo fọ́tò, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó tún wo fọ́tò. Ó ní, "Bàbá Mátírọ́ọ̀nù, ẹ̀yin lẹ ó máa sanwó ìjókòó gbogbo wa láti òní lọ." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní ọgbà ìhunṣọ nìyẹn báyìí. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, agboolé jókòó lórí ọ̀rọ̀ òrùlé ilé ńlá. Yàrá mẹ́rin ló jò ní òjò ọdún tó kọjá. Páànù ọgọ́rùn-ún ní ₦13,500 jẹ́ ₦1,350,000. Igi, ìṣó, káfíńtà àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦150,000. Àpapọ̀ ₦1,500,000. Ìyápọ̀ ní tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọ́, ₦200,000 là bá bù fún ọ, ṣùgbọ́n pé mátírọ́ọ̀nù kò gbọ́dọ̀ bá àwọn ahunṣọ dá owó páànù, kó ṣe gbogbo rẹ̀ ni. Mákindé ti gbà láti kó ọjà náà wá ní àwìn títí di ìparí oṣù Karùn-ún, títí kan owó igi àti káfíńtà, torí ó ní ojú òun lòun fi rí aṣọ náà. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

A máa dúró de èsì rẹ títí di ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Tí a kò bá gbọ́ nǹkan, a jẹ́ pé o gbà nìyẹn. Ọmọ tó bá ní i tó ń fi pamọ́ fún ará ilé, mi ò mọ irú ẹ̀kọ́ tí òtútù ń kọ́ ọ.

Èmi bàbá rẹ.


Leeds.
Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu àwẹ̀.

Ta ló ń kọ lẹ́tà sí mi, ẹ̀yin ni àbí Bàbá Ìyápọ̀? Lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn ń dún bí ohùn wọn. Bàbá mi tí mo mọ̀ kì í ra ata láìkọ́kọ́ béèrè iye, báwo ni wọ́n ṣe máa ra páànù ọgọ́rùn-ún láìbi ẹni tó máa san án?

Mi ò ní ₦1,500,000. Mi ò ní ìdajì rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó páànù kankan wá. Bàbá àti ìyá mi ni mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí, ẹ wá gbé e lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n kí àwọn olówó ìjókòó fi díwọ̀n mi. Ó dùn mí.

Mo rí lẹ́tà yín lọ́jọ́ tó wọlé. Mo kọ èsì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ya gbogbo rẹ̀. Owó tí mò ń gbà kò rí bí ẹ ṣe rò. Ẹ fi mọ síbẹ̀.

Ṣubúọlá.


Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, 2025.

Ṣubúọlá,

Èsì rẹ pẹ́. Páànù wọlé ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Káfíńtà ti kan méjìlélógójì kí lẹ́tà rẹ tó dé. Mo ti ní kó dúró. Méjìdínlọ́gọ́ta wà nílẹ̀ nínú àgbàlá, mo ka wọ́n lárààárọ̀.

Èmi ni mò ń kọ lẹ́tà mi. Ìyápọ̀ kò mọ bí a ṣe ń fi kọ́mà sí nọ́ńbà.

O ní owó tí o ń gbà kò rí bí mo ṣe rò. Kọ bó ṣe rí, ní nọ́ńbà.

Bàbá rẹ.


Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, 2025.

Ṣubúọlá,

Àmì méjèèjì tó wà lábẹ́ lẹ́tà mi di búlúù lọ́jọ́ kejì oṣù yìí, ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán. O ti kà á. Òní ló di ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n tí o ti kà á. ₦300,000 wọlé lọ́jọ́ kìíní bó ṣe máa ń wọlé. Owó rẹ ń sọ̀rọ̀, ìwọ kò sọ̀rọ̀.

Mi ò lè sọ fún ọ pé a kò rojọ́ rẹ. Ìyápọ̀ ní o ti ń kọ́lé sí Ìbàdàn. Mákindé ní ó lè jẹ́ pé o ti fẹ́ òyìnbó tó ní kí o má fi owó ńlá ránṣẹ́ sílé mọ́, ó sì ń béèrè lójoojúmọ́ bóyá mo ti gbọ́ nǹkan. Mi ò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Mi ò sì lè pè wọ́n ní òpùrọ́, torí mi ò mọ nǹkan kan.

Ìyá rẹ kì í wo eré náà tẹ́lẹ̀, ó ní òun ò ní fi igba náírà ra ìpayà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá ló ní òun máa bá mi lọ. Ó jókòó, ó wò ó dé òpin. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé ló tó ní, "Bàbá Ṣubúọlá, obìnrin aláró yẹn kò fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan."

Mo bi í pé kí ló kan òun níbẹ̀. Ó ní kí n mú fọ́tò rẹ jáde. Ó fi ìka lé ọwọ́ rẹ tó wà lórí irin bẹ́ẹ̀dì, ibi tí iṣan ti yọ. "Ọwọ́ ẹni tó ń ti nǹkan nìyí. Aṣọ lẹ̀yin wò, ẹ ò wo ọwọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo san ₦1,800 fún Àyúbà kó tún fi gbogbo apá mẹ́sàn-án hàn mí, èmi nìkan. Mo mú ìwé àti bírò dání. Ọkùnrin kan wà nínú eré náà tó ń ti bẹ́ẹ̀dì. Mo ti wo eré yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì ló kọjá níwájú wa. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló sọ. Wọn kò pe orúkọ rẹ̀. Mo bi Àyúbà pé ta ni, ó ní, "Ẹni wo?"

Ṣùgbọ́n aṣọ ọkùnrin náà jẹ́ àwọ̀ eérú. Tìrẹ kì í ṣe eérú. Eré náà kò lè bá mi dá ẹjọ́ yìí mọ́, nítorí náà ìwọ ni mò ń bi. Kí ni iṣẹ́ rẹ?

Bàbá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé ojú wọn ríran.

Bẹ́ẹ̀dì ni mò ń tì. Yàrá pàjáwìrì ni mo wà lóòótọ́, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Mò ń gbé aláìsàn láti ibẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun, lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, lọ sí wọ́ọ̀dù, tàbí lọ sí mọ́ṣúárì. Aṣọ aláró ni wọ́n fún àwa tí a ń ti bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù wa. Pupa ni mátírọ́ọ̀nù wa ń wọ̀.

Ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tí mo gbà nílé, wọn kò ní jẹ́ kí n fi ṣiṣẹ́ níbí àfi tí mo bá yege ìdánwò tiwọn. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo fi díẹ̀ kùnà. Nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé màá yege kí ẹ tó mọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ ti sọ fún gbogbo ilé pé nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò wá mọ ibi tí màá gbà padà.

Ẹ ní kí n kọ ọ́ ní nọ́ńbà. Owó oṣù mi lẹ́yìn owó orí jẹ́ £1,640. Yàrá, £720. Ọkọ̀, £95. Oúnjẹ, £180. Gbèsè owó ilé ẹ̀kọ́ tí mo gbé dé ìhín, £375. Ohun tí mò ń kó jọ fún ìdánwò, £120. Ilé, £150, òun ló ń di ₦300,000 lọ́dọ̀ yín. Kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Ilé kankan kò sí ní Ìbàdàn, òyìnbó kankan kò sì fẹ́ mi.

Bàbá, iṣẹ́ náà kò burú. Ní oṣù tó kọjá, mo gbé bàbá arúgbó kan wọ lífìtì. Ọmọ rẹ̀ bi nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé wa bóyá bí eré tẹlifíṣọ̀n yẹn ṣe ń ṣe é náà ni ó rí. Nọ́ọ̀sì ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Arúgbó náà nawọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ bi ẹni tó mọ ọ̀nà." Inú mi dùn títí mo fi délé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ iṣẹ́ mi fún agboolé. Kí wọ́n máa pè mí ní ahun, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ yín,
Ṣubúọlá.


Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún, 2025.

Ṣubúọlá,

Mo ro nọ́ńbà rẹ pọ̀. Ó pé £1,640, kò ṣẹ́ kù, kò lé. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ìṣirò tó bá pé pérépéré, ó máa ń jẹ́ pé ṣe ni ẹnì kan jókòó tò ó.

Ìyá rẹ ti gbà ọ́ gbọ́. Ó ń sunkún láti òwúrọ̀. Èmi kò tíì gbà. Ó ku ogúnjọ́ kí owó páànù pé, ìwọ wá di ẹni tó ń ti bẹ́ẹ̀dì. Mo ti rí onígbèsè tó ń rìn dáadáa títí di ọjọ́ tí olówó dé, tó wá di arọ.

Ohun kejì: £180 oúnjẹ lóṣù, £6 lójúmọ́ nìyẹn. Ní ọdún 2023, nígbà tí mo bi ọ́ ní iye ọjà ọ̀hún, o kọ ọ́ sí mi pé àwo ìrẹsì kan ní ilé oúnjẹ àwọn ará wa jẹ́ £9. Nítorí náà, yálà o ń parọ́ fún mi, tàbí o kì í jẹun yó. Mi ò mọ èwo ni kí n gbàdúrà kó jẹ́ òótọ́.

Sọ ohun kan fún mi nípa iṣẹ́ yẹn tí kò sí nínú eré. Mo ti wo apá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lẹ́ẹ̀mejì gbáko, mo ní àkọsílẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, mo máa mọ̀.

Bàbá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfura. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jogún tèmi.

Bẹ́ẹ̀dì kan wà lọ́dọ̀ wa tó dà bí èyí tó ṣófo. Òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Abẹ́ rẹ̀ ni a máa ń gbé òkú sí, kí àwọn tó wá wo aláìsàn wọn má baà rí i. Tí a bá ń tì í lọ, èèyàn kì í yà fún wa, torí wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀dì lásán ni. Lọ́jọ́ kan ní oṣù Kìíní, ọkùnrin kan dá mi dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, ó gbé ife tíì rẹ̀ lé orí bẹ́ẹ̀dì náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀. Mi ò lè sọ fún un. Mo di bẹ́ẹ̀dì mú kó má mì, kí tíì má baà dà. Ó so ẹsẹ̀ kan tán, ó tún tú ìkejì, ó tún un so. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ife rẹ̀, ó lọ.

Màmá kan ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n ní Yorùbá kí n tó tì wọ́n lọ. Mo máa ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún ìyá mi pé mo máa ń fọwọ́ dáadáa.

Mò ń jẹun, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni, èmi ni mò ń sè é.

Ṣubúọlá.


Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, 2025.

Ṣubúọlá ọmọ mi,

Mo gbà ọ́ gbọ́. Ife tíì yẹn kò sí nínú eré, òpùrọ́ kò sì ní rántí pé ọkùnrin náà tú bàtà kejì kó tó tún un so.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé kí o máa jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pé àṣẹ ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 149 lórí 92 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo pe agboolé jọ lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Mi ò dárúkọ iṣẹ́ rẹ. Mo sọ fún wọn pé èmi tí mo jẹ́ ahunṣọ ni mo ka aṣọ ìlú tí mi ò dé rí, mo sì ṣì í kà, pé ẹ̀bi kankan kò sí lọ́rùn rẹ. Ìyápọ̀ bínú. Ó ní, "Tí kì í bá ṣe mátírọ́ọ̀nù, kí ló wá jẹ́?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni."

Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dájú pé ó máa kọ̀wé sí ọ. Tó bá fi nọ́ńbà báńkì kan ránṣẹ́ sí ọ tó ní tèmi ni, wo ìparí rẹ̀. Tèmi parí sí 47. Mákindé ṣì ń pè mí ní Bàbá Mátírọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín mọ́ tó bá ń pè é, àwọn tó kù ló ń rẹ́rìn-ín.

Má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sílé ní oṣù yìí, àti Keje, àti Kẹjọ. £150 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ £450. Fi díẹ̀ jẹun, kí o fi ìyókù kún owó ìdánwò, kí o sì gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan láti kàwé kí o tó lọ ṣe é. Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, màá hun aṣọ san án. Má san kọ́bọ̀ lórí páànù. Tí mo bá rí i, màá dá a padà.

Bí ọ̀rọ̀ páànù ṣe rí nìyí:

Gbèsè: ₦1,500,000
Páànù 58 tí Mákindé gbà padà. ₦13,500 ló tà á fún wa, ₦12,000 ló gbà á: ₦696,000
Ohun tí agboolé dá: ₦85,000
Agbádá ẹtù mi, mo tà á: ₦180,000
Owó àgbò Iléyá tí mo ti ń kó jọ: ₦127,000

Apá ibi tí wọ́n kàn kò jò ní òjò àná. Apá kejì jò. Àdéhùn pé lánàá, Mákindé sì wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi láti ìdájí. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé. Ó ku ₦412,000, mi ò tíì san án.

Èmi bàbá rẹ,
Àsánì.